Ẹni Tó Ń Kọrin ní Tampouré

"Tún un gbé sí i."

Kafilath bojú wẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, kaki ọmọ iléèwé tó ń rán lọ́wọ́ wà ní apá rẹ̀, abẹ́rẹ́ ṣì wà láàárín ètè. Silifatou kì í wọ yàrá yìí bí ọmọ rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Ó ní òun ò fẹ́ kí nǹkan kan tẹ̀ lé òun jáde lọ síbi tí òun ti ń rán aṣọ ọmọ ọlọ́mọ.

"Kí ni kí n tún gbé sí i, Màmá?"

"Orin yẹn. Má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀."

Láti àárọ̀ ni Kafilath ti ń gbọ́ orin náà nínú ohun tó fi bo etí, tó ń wá ẹnu tí yóò fi sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Okùn ẹ̀rọ náà ló yọ tí ohùn fi bọ́ síta. Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ohun tí wọ́n ń fi pamọ́. Ó tẹ kọ̀ǹpútà náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́, irú afẹ́fẹ́ tó máa ń fẹ́ níbi tí kò sí igi. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọkùnrin kan dé láti ọ̀nà jíjìn, ó ń dìde, ó ń wálẹ̀:

Sùn, Àjàní, ilẹ̀ kò tíì ṣú,
Màmá ṣì ń rí ojú abẹ́rẹ́.
Òjò orí ọ̀sà kò ní í pa ọ́,
Àjàní, ọmọ tí mo jà kí n tó ní.

Silifatou yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó gún un mọ́ àyà bùbá rẹ̀, ó sì rọra jókòó sí etí ibùsùn.

"Samir ni," ó wí. Kò pariwo. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò ti ń bọ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ ná."

"Ta tún ni? Èmi ni mo fẹnu ara mi ṣe orin yẹn fún un. Kò sí lẹ́nu ẹlòmíì láyé. Ìwọ gan-an, mi ò kọ ọ́ fún ọ rí, nítorí ìwọ kì í sunkún. Níbo ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀?"

"Tampouré. Ní Atacora lọ́hùn-ún, ní àríwá. Awakọ̀ akẹ́rù kan tó máa ń wo fídíò mi ló fi ránṣẹ́. Ó ní ìlú náà ti di ahoro, kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀ mọ́, iwin ló ń kọrin. Ó ní kí n wá wádìí rẹ̀."

"Iwin," Silifatou tún ọ̀rọ̀ náà pè. Ó wo ọmọ rẹ̀ lójú. "Ìwọ lo ń wá wọn kiri. Sọ fún mi nígbà náà. Ṣé òkú ló ń kọrin yẹn, àbí alààyè?"

Ká má tan ara wa, iṣẹ́ Kafilath kì í ṣe èyí tí ìyá ń fi ọmọ rẹ̀ obìnrin yangàn ní Houinmè, ní Porto-Novo. Rédíò kan nínú ìlú ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, òun ni wọ́n máa ń ké sí bí ohùn kò bá já gaara. Nígbà tí rédíò náà kógbá sílé, ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí àwọn ilé tí ẹ̀rù ń ba èèyàn láti wọ̀, ó sì ń gbé fídíò ohun tó bá bá níbẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń wò ó láti Kútọnu títí dé Paris pọ̀ ju àwọn tó ń kí i ládùúgbò lọ. Ohun tó sì dùn mọ́ wọn jù ni pé kò rí iwin kankan rí. Iwin tó ń rìn lókè àjà ilé àwọn Àgùdà, ẹtà ni. Obìnrin tó ń sunkún nínú ògiri ilé kan ní Akron, páìpù omi ni. Àwọn tó ń tan iná láàárín òru nínú ilé tó ti wó ní Sèmè-Kpodji, àwọn tó ń kó epo bẹntiróòlù pamọ́ ni, wọ́n sì lé Kafilath dé etí òkun. Ní gbogbo ibi tó dé, bí kò bá jẹ́ ẹranko tàbí omi, a jẹ́ pé èèyàn ni, èèyàn tó ń jẹ, tó ń mu, tó sì ní ìdí tí kò fi fẹ́ kí wọ́n rí òun.

"Alààyè ni, Màmá," ó dáhùn.

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ẹ gbọ́." Ó fa ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kejì padà, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè. Kí ọ̀rọ̀ tó jáde, nǹkan kékeré kan fà ṣììì. "Ẹ gbọ́ ìyẹn? Ó mí. Kó tó mú ìlà kọ̀ọ̀kan, ó máa ń mí. Òkú kì í mí."

Silifatou gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Alhamdulillahi," ó wí.

Samir ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Silifatou bí. Lẹ́yìn Kafilath, oyún bàjẹ́, òmíràn bàjẹ́, títí àwọn ará ilé ọkọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fojú burúkú wò ó, kí Samir tó dé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi Àjàní kì í. Ọmọ náà dàgbà tán, ó gba ìwé ẹ̀rí, kò ríṣẹ́, ó ní òun ń lọ gbẹ́ wúrà ní Atacora. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń pe ìyá rẹ̀. Nígbà tó di àkókò òjò ọdún kejì, ìpè náà dáwọ́ dúró. Ọdún méjì ti kọjá lórí ẹ̀ báyìí. Kafilath ti lọ béèrè rẹ̀ ní Natitingou, ó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ wúrà, ó fi fọ́tò rẹ̀ han àwọn èèyàn. Kò sẹ́ni tó mọ Samir kankan.

Akambi, ẹ̀gbọ́n Silifatou, kò dẹ́kun láti máa wá síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà: kí wọ́n kírun òkú sí ọmọ náà, kí wọ́n ṣe fídáù fún un, kí ọkàn lè balẹ̀. Nígbà kan tó fi òwe tì í, tó ní "ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù lọ," Silifatou ní kó jáde nínú ilé òun. Akambi jáde lóòótọ́, ó dúró lóde títí tó fi ní kó wọlé wá jẹun.

Ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ orin yìí ni wọ́n ránṣẹ́ pe Akambi. Ó gbọ́ orin náà, ó yọ fìlà, ó tún un dé.

"Bí Kafi bá débẹ̀ tí kò sì bá Samir ńkọ́?" ó béèrè.

"Ó ń mí, Ẹ̀gbọ́n. Ọmọ yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀."

"Silifatou, mo bi ọ́ ní ìbéèrè ni."

Obìnrin náà pa kaki tó wà lórí itan rẹ̀ pọ̀ sí méjì, ó pa á sí mẹ́rin. "Bí ó bá débẹ̀, tó fojú ara rẹ̀ rí i pé ọmọ mi ti kú, ẹ kírun yín. Mi ò ní jà mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, bó bá mú un bọ̀ wálé, ẹ ó dọ̀bálẹ̀ fún mi níwájú gbogbo àdúgbò."

"N ó dọ̀bálẹ̀," ni Akambi wí. "Inú mi á sì dùn láti dọ̀bálẹ̀."

Bọ́ọ̀sì gbé Kafilath láti Kútọnu láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó gbé orí lé gíláàsì fèrèsé, ó ń gbọ́ orin náà ní àgbọ́túngbọ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé etí ẹni kì í purọ́ fúnni, ọkàn ló ń purọ́ fúnni. Ohùn inú orin náà ń gbé àwọn ọ̀rọ̀ kan sókè níbi tó yẹ kí wọ́n wálẹ̀, ó ń pe "abẹ́rẹ́" bí ẹni tí kò fojú rí abẹ́rẹ́ rí. Kafilath sọ fún ara rẹ̀ pé ọmọ tó ti pẹ́ láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ lè yí. Nǹkan mìíràn tún wà. Ìyá ló ń fi oríkì pe ọmọ, tàbí ìyá àgbà. Ọkùnrin wo ni yóò jókòó tí yóò máa fi oríkì ara rẹ̀ rẹ ara rẹ̀ lẹ́kún? Òun àti ìyá rẹ̀ ti rò pé orin tó jẹ́ ti inú ilé tó bẹ́ẹ̀, ẹnu ẹni tó ni oríkì nìkan ló ti lè jáde. Àròjinlẹ̀ yìí wá bá a nígbà tí wọ́n kọjá Parakou, ó sì lé e lọ. Ó fẹ́ rí àbúrò rẹ̀. Ó ti ń rò ó pé ìyà ni yóò kọ́kọ́ fi jẹ ẹ́, kó tó dì mọ́ ọn.

Zémìjáàn tó gbé e láti Natitingou já a sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè, ní abúlé kan tó ní ilé díẹ̀. Ó ní alùpùpù òun kò ní gun ibẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta ọtí ọkà bàbà lábẹ́ igi emi bá a fi Faransé díẹ̀díẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ìwọ náà tún wá gbẹ́ wúrà?"

"Rárá. Mo gbọ́ pé ẹnì kan ń kọrin lókè yìí."

Obìnrin náà gbé igbá tó ń fọ̀ sílẹ̀. "Lójoojúmọ́ ni, kí oòrùn tó wọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí ihò gbé mì ni. Bó bá kọrin, má dáhùn."

"Ṣé ẹnì kankan ti rí i rí?"

"Ta ló fẹ́ rí i?" ni obìnrin náà wí, ó sì mú igbá rẹ̀.

Àwọn Faransé ló kọ́ Tampouré láyé àtijọ́ nítorí wúrà. Nígbà tí wúrà kò pé wọn mọ́, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n fi ìlú náà sílẹ̀ fún àwọn ẹyẹ. Ilé olókùúta tó wà níbẹ̀ kò ní òrùlé, irin ojú ọ̀nà ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó yẹ̀pẹ̀ wúrà ti dípẹtà, igi ti hù gba àárín ṣọ́ọ̀ṣì jáde. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọ̀dọ́ tún gbọ́ pé wúrà kù, wọ́n ya bo ibẹ̀, ìlú náà jí. Ìgbà tí ihò ńlá wó, wọ́n sá, ó sì tún kú. Kafilath ń gba àárín sálúbàtà rọ́bà, tapọ́líìnì tó ya, àti batiri tọ́ọ̀ṣì tó ti wú kọjá. Ẹ̀rù kò bà á. Láti ọdún tó ti ń wọ ilé ahoro kiri, kò tíì rí èyí tí òun fẹ́ kí èèyàn wà nínú rẹ̀ tó báyìí.

Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sórí ògiri kan, ó tàn án nítorí pé ó ti mọ́ ọn lára, ó jókòó. Oòrùn ti ń pọ́n nígbà tí ohùn náà bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn òkìtì pupa kan. Sùn, Àjàní, ilẹ̀ kò tíì ṣú.

"Samir," Kafilath pè.

Orin náà dúró lójijì. Inú Kafilath dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Òkú kì í dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá pè é. Ó sáré. Ó kọsẹ̀, ó dìde, ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń sáré: "Àbúrò mi burúkú, ṣé o fẹ́ pa Màmá ni? Kí la fi ṣe ọ́? Ta ló ní kó o mówó bọ̀ kó o tó wálé?"

Ọkùnrin kan dìde lẹ́yìn òkìtì náà. Ó ga, ó gbẹ, ilà wẹ́wẹ́ kún gbogbo ojú rẹ̀ bíi ti àwọn ọmọ ilẹ̀ Atacora. Kì í ṣe Samir.

Wọ́n wo ara wọn. Ọkùnrin náà bá a sọ Faransé, ó pè é ní Tata bí ẹni ń pe àǹtí.

"Ta lẹ ń pè, Tata?"

"Àbúrò mi ni."

"Ṣé Porto-Novo lẹ ti wá?"

Kafilath mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọkùnrin náà yọ fìlà orí rẹ̀, ó sì jókòó bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé," ó wí.

N'Tcha lorúkọ rẹ̀. Oko ló ń dá ní ẹ̀yìn òkè, ọ̀nà kejì sí abúlé obìnrin ọlọ́tí. Kafilath kò béèrè ohun tó yẹ kó béèrè. Ó ń béèrè àwọn mìíràn, bóyá ìyẹn yóò sún èyí tó kù síwájú.

"Mo wá sí agbègbè yìí ní ọdún méjì sẹ́yìn," ó wí. "Mo lọ káàkiri. Mo fi fọ́tò hàn wọ́n. Wọ́n ní àwọn ò mọ Samir."

"A ò mọ̀ ọ́n sí Samir. Porto là ń pè é. Níbi iṣẹ́ yìí, orúkọ ìlú ẹni ni wọ́n fi ń pe èèyàn, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ orúkọ tí èèyàn ń jẹ́ nílé. Èmi, Boukou ni wọ́n ń pè mí, nítorí Boukoumbé tó wà lẹ́yìn òkè yìí ni mo ti wá. Àwọn tí ẹ sì fi fọ́tò hàn, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ẹni tó bá ní òun mọ̀ ọ́n, wọn á ní kó wá sọ bó ṣe kú."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde láìjẹ́ pé ẹnì kan béèrè rẹ̀. Kafilath fọwọ́ di ilẹ̀ mú.

"Sọ fún mi," ó wí.

"Tata, ṣé ẹ fẹ́ gbọ́ ọ?"

"Ìyá mi yóò bi mí."

N'Tcha sọ ọ́. Òjò ló rọ̀, ihò wó mọ́ Porto àti àwọn méjì tí wọ́n jọ wà nísàlẹ̀. N'Tcha ni okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀ lókè. Àwọn méjì yẹn kò fọhùn rárá. Porto fọhùn, láti inú irin oníhò kan tí àwọn Faransé ti ki bọ ilẹ̀ láyé ọjọ́un kí atẹ́gùn lè máa wọlé. Wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n fi ọkọ́ gbẹ́ ẹ, bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ ni omi ń wọ́ ẹrẹ̀ padà. Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ, nítorí gbogbo wọn ló mọ̀ pé kò sẹ́ni tó fún wọn láṣẹ láti wà níbẹ̀.

"Èmi ò lọ," ni N'Tcha wí. "Mo fi ẹnu sí irin yẹn. Ó ní ilẹ̀ ti ṣú jù níbi tí òun wà, òun fẹ́ kọrin. Ó kọ orin yìí. Ó ní bí òun bá kọ ọ́ tán kí èmi náà kọ ọ́ padà, kí òun lè mọ̀ pé ẹnì kan ṣì wà lókè. Mi ò gbọ́ èdè yín. Ó ń fi ọ̀rọ̀ náà sí mi lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo bá ṣì í pè, ó máa ń rẹ́rìn-ín."

"Ó rẹ́rìn-ín?"

"Ó rẹ́rìn-ín mi, Tata. Nígbà tó yá, àárẹ̀ mú un. Ó ní kí n máa dá a kọ, òun á máa gbọ́. Ó ní, 'Má dákẹ́.' Mo kọ ọ́ di ọjọ́ kejì, títí oòrùn fi ń wọ̀ báyìí. Mo wá bi í pé ṣé ó ń gbọ́." N'Tcha ń fi ìka họ ìdí fìlà rẹ̀. "Mi ò mọ ìgbà tó lọ. Èmi ni mò ń kọrin lọ́wọ́."

Ẹkún tí Kafilath kò sun láti ọdún méjì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó sun ún bí ọmọdé, pẹ̀lú ikun imú, láìbojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń wo òun. Ó ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé alààyè ló ń kọrin, òótọ́ sì ni. Kò sí ìgbà kan tó jàre nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó sì dùn ún wọra báyìí. Ì bá ti dára ká ní ó ṣì í mọ̀, ká ní iwin ni, kí wọ́n lè máa wá Samir lọ níbòmíràn láyé.

"Gbogbo ènìyàn ti sá kúrò níbí," ó wí, nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Kí ló dé tí o ṣì ń wá?"

"Ó ní kí n má dákẹ́." Ọkùnrin náà gbé ojú sókè, ó dà bíi pé ìbéèrè náà yà á lẹ́nu. "Kò sọ ìgbà tó yẹ kí n dákẹ́. Mo dé gáréèjì Natitingou, mo ń béèrè ẹni tó mọ ilé Porto, wọ́n ń fi mí ṣẹ̀sín. Wọ́n ní Porto-Novo tóbi. Mo wá rò ó pé kí n máa kọ orin náà, kí n má baà gbàgbé rẹ̀, bóyá ẹnì kan tó ni ín á gbọ́."

Ó wá béèrè: "Kí ni orin náà ń sọ, Tata?"

Kafilath gbé e sí Faransé fún un, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Ìyá kan ló ń sọ fún ọmọ rẹ̀ tí ẹ̀rù òkùnkùn ń bà pé kó sùn, ilẹ̀ kò tíì ṣú, òun ṣì ń rí ibi tí òun ń ki òwú bọ̀. N'Tcha fi fìlà bo ojú. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú lóòótọ́, N'Tcha sì mú Kafilath sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé ìyá rẹ̀ ní ẹ̀yìn òkè, níbi tí obìnrin arúgbó náà ti bu oúnjẹ fún un láìbi í ní nǹkan kan.

Kafilath kò lè sọ ọ́ lórí fóònù. "Mo ń bọ̀, Màmá," ni gbogbo ohun tó wí. Silifatou náà kò béèrè. Ó ní kó máa rọra bọ̀.

Ọjọ́bọ̀ ló dé Houinmè, lẹ́yìn ìrun àsárì. Silifatou ti gbá yàrá Samir, ó ti na aṣọ sórí ibùsùn, ó sì jókòó sí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láìrán nǹkan kan. Akambi wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Kafilath ṣí ilẹ̀kùn àgbàlá wọlé, ìyá rẹ̀ kò wo ojú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń wò, ẹnu ilẹ̀kùn tó ṣì wà ní ṣíṣí. Ó wò ó, ó wò ó.

"Màmá, èmi nìkan ni mo bọ̀."

"Mo rí i."

Kafilath kúnlẹ̀. Nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà, ó ti ronú irọ́. Ó lè sọ pé awakọ̀ náà purọ́, pé kò sẹ́nì kankan lókè náà, kí ìyá rẹ̀ máa ní ìrètí rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ìrètí yẹn ti jẹ lára obìnrin yìí láti ọdún méjì: oorun, ẹran ara, ẹ̀rín. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Kò fo ibì kankan. Silifatou gbọ́ ọ láìjámọ́ ọn lẹ́nu, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí àgbá ẹ̀rọ ìránṣọ bí ẹni pé yóò yí i.

"Ṣé ó dá wà?" ni ohun àkọ́kọ́ tó béèrè.

"Kò dá wà, Màmá. Wọn ò fi í sílẹ̀."

"Kí ló sọ? Ṣé ó pè mí?"

"Orin yín ló ń kọ."

Ibẹ̀ ni Silifatou ti já. Ó gbé orí lé ẹ̀rọ ìránṣọ náà, ó ń ké, "Àjàní, mo ní ilẹ̀ kò tíì ṣú. Mo ní ilẹ̀ kò tíì ṣú, Àjàní. Mo purọ́ fún ọ." Akambi ka innalillahi sábẹ́ ètè, ó na ọwọ́ lé ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀, ó fi í síbẹ̀. Wọ́n jẹ́ kó sun ún. Ẹni tó bá fi ọwọ́ dí ẹkún bẹ́ẹ̀, inú ara ni ẹkún náà yóò wọ̀ lọ.

Nígbà tó gbé orí sókè, ojú rẹ̀ ti wú, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀la ni Jímọ̀?"

"Ọ̀la ni."

"Mo ti sọ pé mi ò ní jà."

"N ó bá Alùfáà sọ̀rọ̀," ni Akambi wí. "Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a ó kírun sí i. Gbogbo àdúgbò ni yóò wá, Silifatou. N ó rí sí i."

Silifatou mi orí pé ó dára. Ó ń wo oòrùn tó ti ń fà kúrò lórí ògiri àgbàlá.

"Ọmọkùnrin yẹn," ó wí. "Ṣé yóò kọ ọ́ lónìí?"

"Lójoojúmọ́ ni, Màmá. Àsìkò yìí gan-an."

"Ṣé o gba nọ́ńbà rẹ̀? Pè é."

Ó pẹ́ kí ìpè náà tó wọlé. Afẹ́fẹ́ orí òkè ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ohùn N'Tcha, tó ní òun ti débẹ̀, òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni. Kafilath sọ fún un pé ìyá Porto ló fẹ́ gbọ́ ọ. Ọkùnrin náà gbé ohùn sókè. Ó kọrin. Ó kọ ọ́ láti ìlà kìíní dé ìlà ìkẹyìn, ó ṣi àwọn ọ̀rọ̀ kan pè bó ṣe máa ń ṣì wọ́n pè, Silifatou sì di fóònù mú ní ọwọ́ méjèèjì, ètè rẹ̀ ń bá a lọ, ó ń tún ọ̀rọ̀ tó wọ́ ṣe láìjẹ́ kó gbọ́. Nígbà tó parí, tó fẹ́ tún un bẹ̀rẹ̀, Silifatou pe ọmọ rẹ̀.

"Kafi, bá mi sọ fún un ní èdè tó gbọ́. Sọ fún un pé mo dúpẹ́. Sọ fún un pé kó dákẹ́ wàyí, kó máa lọ bá ìyá rẹ̀ nílé." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí kaki tó wà lórí ẹ̀rọ. "Sọ fún un pé ọmọ náà ti sùn."

Kafilath gba fóònù náà, ó sì sọ ọ́.